Síìmù tí ẹ pa tì ni olè fi wọlé: ìdáhùn fún Màmá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ìbéèrè: Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ń gbé. Ní nǹkan bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn, wọ́n yọ fóònù kékeré tí mo ń lò nínú báàgì mi ní ọjà Òkè-Ajé. Fóònù olówó pọ́ọ́kú ni, n kò sì kà á sí àdánù. Mo ra síìmù tuntun, mo fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ mi, ọ̀rọ̀ sì parí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan tí n kò mọ̀ rí pè mí, ó ní mo jẹ gbèsè ₦185,000 lórí áàpù ẹ̀yáwó kan tí n kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ó ka NIN mi, ọjọ́ ìbí mi àti àdírẹ́sì ilé wa bí ẹni tí ń ka orúkọ ọmọ ilé-ìwé. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ni wọ́n kọ́kọ́ pè, òun ni ó fún wọn ní nọ́ńbà mi tuntun. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n san án kí ìtìjú má bàa bá mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ gba NIN mìíràn. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Kí n tó là á yé yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dí ọ̀nà méjèèjì tí wọ́n fẹ́ gbé yín gbà. Ẹ má ṣe san owó náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ yín ni ó ní kí ẹ san án, ẹ má sì ṣe lọ gba NIN mìíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ire ni ọ̀rẹ́ yín ń fẹ́ fún yín. Bí ẹ bá san án, ńṣe ni ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ jẹ ẹ́, ẹni tí ó sì fi orúkọ yín yáwó lẹ́ẹ̀kan yóò mọ̀ pé orúkọ náà ń pawó, yóò sì padà wá. Ní ti NIN, ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹnìkọ̀ọ̀kan ní títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Òfin tí ó dá àjọ NIMC, tí ó ń fún wa ní NIN, sílẹ̀ ní ọdún 2007 kò fàyè gba kí ènìyàn forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ẹ ó kàn fi ẹ̀ṣẹ̀ tiyín kún ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹlòmíràn dá sí yín lọ́rùn ni.

Ọdún 19 ni mo fi jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ń kó ẹ̀sùn jìbìtì wá sí ní báǹkì kan, kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé ní Ṣágámù. Ohun kan tí mo rí ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni pé ẹni tí wọ́n jí orúkọ rẹ̀ lò máa ń wá ẹsẹ̀ olè náà níbi tí olè kò tẹ̀. Wọn a ní ọmọ Yahoo kan ni ó fi kọ̀ǹpútà wọlé, tàbí pé òṣìṣẹ́ NIMC kan ni ó tà wọ́n. Irú rẹ̀ kò ṣàìsí, ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn tiyín, gbólóhùn kan péré tí ẹ kọ ti tó mi í lò: ẹ ra síìmù tuntun, ọ̀rọ̀ sì parí. Ọ̀rọ̀ kò parí, Mà. Ẹ̀yin ni ẹ kúrò lórí nọ́ńbà àtijọ́ náà, báǹkì yín àti NIMC kò kúrò lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe é lójú yín bí mo ṣe máa ń ṣe é fún àwọn òṣìṣẹ́ tuntun. Mo máa ń ní kí ọ̀kan nínú wọn yọ síìmù rẹ̀ fún mi, n ó sì tì í sínú tọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí mo ní nínú dúrọ́ọ̀, fóònù tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì rárá. N ó tẹ *565*0#. Wọn a yọ owó díẹ̀ nínú owó ìpè ọmọ náà, nọ́ńbà ẹlẹ́yọ 11 kan a sì yọ lójú fóònù: BVN rẹ̀ nìyẹn, nọ́ńbà tí gbogbo báǹkì fi ń dá a mọ̀. N ó wá tẹ *346#, n ó tẹ̀lé ohun tí ó bá ní kí n tẹ̀, nọ́ńbà 11 mìíràn a tún yọ: NIN rẹ̀ nìyẹn. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ẹnikẹ́ni kò béèrè pásíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó ní kí n gbé ojú tàbí ìka sílẹ̀, nítorí pé ohun tí ètò náà mọ̀ ni pé láti orí nọ́ńbà ẹni tí ó ni ín ni ìbéèrè ti wá. Ọmọ náà a máa wò mí bí ẹni tí ó rí eégún tí aṣọ já lára rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tí ó yọ fóònù yín nínú báàgì, tàbí ẹni tí ó ta síìmù náà fún, ṣe rí nọ́ńbà yín méjèèjì. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé orí síìmù yẹn ni OTP báǹkì, ìyẹn nọ́ńbà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹ̀yin ni, ń wọlé sí, ó lè fi orúkọ yín ṣí àkáǹtì lórí fóònù mìíràn, kí ó sì máa gba OTP náà bí ẹni tí ń gba lẹ́tà tirẹ̀. Àwọn orúkọ tí ẹ tọ́jú sórí síìmù ni áàpù náà kà nígbà tí ó ń béèrè àwọn ẹni tí ó mọ̀ yín, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti rí ọmọ ẹgbẹ́ yín pè.

Ẹ lè bi mí pé báwo ni síìmù ṣe wá di ohun tí ó lágbára tó báyìí. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ní oṣù kejì ọdún 2014 ni Báǹkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò BVN, tí ó so gbogbo àkáǹtì ènìyàn pọ̀ mọ́ ìka àti ojú rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo síìmù so mọ́ NIN. Ní ọjọ́ 1 oṣù kejìlá ọdún 2023 ni Báǹkì Àpapọ̀ tún kọ̀wé sí àwọn báǹkì pé kò gbọdọ̀ sí àkáǹtì kankan, bó ti wù kí ó kéré tó, tí kò ní BVN tàbí NIN. Wọ́n so gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ó lè rọrùn láti mú ọ̀daràn, èmi kò sì lè sọ pé èrò náà kò dára. Ṣùgbọ́n okùn tí wọ́n fi so ó ni olè ń dì mú gun òkè, nọ́ńbà fóònù ni orí okùn náà, ìyẹn ni mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gbọ́ pé kí ó ṣọ́ síìmù rẹ̀ ju káàdì ATM rẹ̀ lọ.

Oṣù márùn-ún tí ẹ mẹ́nu bà tún ṣe pàtàkì fún ìdí mìíràn. Lábẹ́ ìlànà NCC, àjọ tí ó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, ilé-iṣẹ́ fóònù lè ti nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò lò fún oṣù 6, bí ó bá sì tún fi oṣù 6 mìíràn wà bẹ́ẹ̀, wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíràn tí ó fẹ́ ra síìmù. Bí olè bá ń lo tiyín, kò tilẹ̀ ní kú rárá. Bí kò bá lò ó, lọ́jọ́ kan àlejò kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ yóò máa gba àlátì owó ìfẹ̀yìntì yín. Èmi ti rí èyí rí: ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìperu wá sọ fún wa pé nọ́ńbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ń gba ìkíni ọjọ́ ìbí àti àlátì owó obìnrin kan tí òun kò mọ̀. Ọmọlúàbí ni ọmọ náà. Gbogbo ènìyàn kọ́ ni ó máa rìn wá sí báǹkì láti sọ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti gba nọ́ńbà àtijọ́ yẹn padà. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ pe báǹkì yín láti orí nọ́ńbà tuntun, ẹ ní kí wọ́n dí ọ̀nà owó jíjáde lórí àkáǹtì yín, pàápàá ọ̀nà USSD (kóòdù tí a ń tẹ̀ lórí fóònù) àti áàpù, títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn tí wọ́n bá fún yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago tí ẹ pè àti orúkọ ẹni tí ó gbé ìpè. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá gba kóòtù lọ láti ṣe áfídéfíìtì, ìyẹn ìwé ìbúra.

Ọ̀rọ̀ áfídéfíìtì yìí, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbé ìwé tí kò wúlò wálé. Bí ẹ bá dé kóòtù gíga tí ó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí ẹ ní fóònù yín sọnù, ìwé kan wà tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọn a kàn kún orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù sínú rẹ̀, wọn a lu òǹtẹ̀, ẹ ó sì máa lọ. Ìwé yẹn tó láti gba síìmù, ṣùgbọ́n kò tó láti gbà yín lọ́wọ́ gbèsè. Ẹ sọ fún akọ̀wé pé kò kan sísọnù fóònù nìkan, kí ó kọ ọ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀: ọjọ́ tí wọ́n jí fóònù náà àti ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà síìmù tí ó wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ ra síìmù tuntun, ọjọ́ àti aago tí àjèjì náà pè yín, nọ́ńbà tí ó fi pè, orúkọ áàpù tí ó dá, iye owó tí ó sọ, kí ó sì kọ gbangba pé ẹ kò yá owó náà, ẹ kò rán ẹnikẹ́ni láti yá a, ẹ kò sì fi NIN tàbí BVN yín fún ẹnikẹ́ni láti lò. Bí ẹ kò bá rántí ọjọ́ kan pàtó, ẹ má ṣe pilẹ̀ ọjọ́ sínú ìwé ìbúra. Ẹ ní kí ó kọ ‘ní nǹkan bí’. Ẹ gba ẹ̀dà mẹ́ta tí òǹtẹ̀ wà lórí kọ̀ọ̀kan.

Àwa ará Rẹ́mọ máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ìjẹ̀bú kì í sọ rìsíìtì nù, pé rìsíìtì páànù ilé bàbá àgbà ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní ọ̀ràn yìí, ìwà yẹn ni mo fẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀wọ́. Níwájú báǹkì, níwájú ayánilówó àti níwájú adájọ́, ohun tí yóò ya ẹ̀yin sọ́tọ̀ kúrò lára onígbèsè tí ó ń purọ́ ni pé ẹ ti kọ̀wé, ẹ sì ti kọ ọ́ ní kété tí ẹ gbọ́. Onígbèsè tòótọ́ pẹ̀lú máa ń sọ pé òun kọ́ ni òun yá a. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni ọjọ́ tí ó wà lórí ìwé.

Láti kóòtù, ẹ gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ẹ fi áfídéfíìtì náà hàn wọ́n, ẹ ní ẹ fẹ́ kọ ẹ̀sùn sílẹ̀ pé wọ́n jí ìdánimọ̀ yín lò, kí wọ́n sì fún yín ní ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ. Abala 22 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti ọdún 2015, tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2024, ni ó sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí ó jí ìdánimọ̀ ẹlòmíràn lò. Ẹ lè dárúkọ abala náà fún wọn bí ẹni tí ó wà lórí àga bá ní ọ̀rọ̀ gbèsè lásán ni. Wọ́n yóò bi yín pé ta ni ẹ fura sí. Ẹ má ṣe dárúkọ ẹnikẹ́ni tí ẹ kò ní ẹ̀rí lé lórí, ṣùgbọ́n ẹ má sì ṣe dí ojú. Ara ẹ̀fọ́ ni kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́ wà: ẹni tí ó mọ àdírẹ́sì yín àti ọjọ́ ìbí yín lè jẹ́ ẹni tí ó ti jẹun nínú ilé yín rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú ọ̀ràn yìí síìmù nìkan tó láti ṣe é. Bí àgọ́ náà bá ń fi yín ṣeré, ọmọ yín lè bá yín gbé ẹ̀sùn náà lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ẹ̀ka tí àwọn ọlọ́pàá yà sọ́tọ̀ fún ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ń pè ní NPF-NCCC.

Nígbà náà ni kí ẹ wá lọ sí ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ fóònù fúnra rẹ̀. Ẹ má lọ sọ́dọ̀ ọmọ tí ó jókòó sábẹ́ agbòjò ní ẹ̀bá títì. Ẹ ní ‘welcome back’ ni ẹ wá ṣe. Wọn a béèrè NIN, wọn a wo ojú tàbí ìka yín, wọn a sì fún yín ní síìmù tuntun tí ó gbé nọ́ńbà àtijọ́. Ní ìṣẹ́jú tí tọwọ́ yín bá ti jí ni tọwọ́ olè kú, kò sí bí ó ṣe lè fi gba OTP mọ́. Níbẹ̀ gan-an, kí ẹ tó dìde, ẹ ní kí wọ́n wo iye nọ́ńbà tí ó so mọ́ NIN yín lórí ètò wọn. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà tí ẹ kò mọ̀, ẹ ní kí wọ́n já a kúrò, kí wọ́n sì kọ ọ́ fún yín pé wọ́n ti já a, nítorí pé ohun tí wọ́n bá fi nọ́ńbà yẹn ṣe lọ́la, ilẹ̀kùn yín ni wọn yóò kọ́kọ́ kàn. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá ń dá yín padà lójoojúmọ́, nọ́ńbà 622 ni NCC fi ń gba ẹ̀sùn lórí wọn, ọ̀fẹ́ sì ni ìpè náà.

Bí wọ́n bá sọ fún yín pé nọ́ńbà náà ti di ti ẹlòmíràn, ẹ má ṣe jókòó sunkún níbẹ̀. Ẹ gba báǹkì lọ ní ọjọ́ náà, kí wọ́n gbé nọ́ńbà tuntun sórí BVN yín àti sórí gbogbo àkáǹtì yín. Ẹ̀yin fúnra yín ni ó gbọdọ̀ lọ, wọn kì í gba aṣojú.

Ohun tí ó kù ní báǹkì: ẹ kọ lẹ́tà, ẹ má ṣe sọ ọ́ lẹ́nu nìkan. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n gba ọ̀kan, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ ‘a ti gbà á’ pẹ̀lú ọjọ́ sórí èkejì fún yín. Nínú lẹ́tà náà, ẹ ní kí wọ́n bá yín wádìí àwọn àkáǹtì tí ó so mọ́ BVN yín káàkiri. Èyí ni ó ń bà mí lẹ́rù ju ₦185,000 lọ. Ẹni tí ó ní NIN àti BVN yín lè ti ṣí àkáǹtì sílẹ̀ ní orúkọ yín ní ibi tí ẹ kò dé rí, kí ó sì máa fi gba owó àwọn ènìyàn tí ó lù ní jìbìtì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú àṣírí rẹ̀, BVN tiyín ni wọn yóò kọ sínú ìwé àwọn afurasí tí àwọn báǹkì jọ ń lò, ẹ ó sì máa yà á lẹ́nu pé ìdí wo ni àwọn ilé ìfowópamọ́ fi ń kọ̀ yín. Bí báǹkì yín kò bá dáhùn lẹ́tà yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé ẹ̀dà tí òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ka tí ó ń dáàbò bo oníbàárà ní Báǹkì Àpapọ̀. Íméèlì lásán tó.

Ó wá kan àwọn ayánilówó. Owó ẹ̀yáwó kì í wọ afẹ́fẹ́, Mà, àkáǹtì kan ni ó wọ̀. Ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ so áfídéfíìtì àti ìwé ọlọ́pàá mọ́ ọn, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín àkáǹtì tí wọ́n san owó náà sí àti orúkọ tí ó wà lórí rẹ̀, ọjọ́ àti aago tí wọ́n san án, nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi béèrè rẹ̀, àti àwòrán ojú tí ẹni náà yà nígbà tí ó ń forúkọ sílẹ̀. Mo ti rí ibi tí ìbéèrè nípa àwòrán nìkan ti parí ìjà: ojú ọmọkùnrin onírùngbọ̀n ni ó wà lórí ẹ̀yáwó obìnrin ẹni ọdún 68. Bí wọ́n bá ń pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín láti dójú tì yín, àjọ FCCPC ni ó ń bójú tó irú áàpù bẹ́ẹ̀. Òfin ìdáàbòbò ìròyìn ara ẹni ti ọdún 2023 sì fún yín ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n tún ohun tí kò tọ̀nà nípa yín ṣe; àjọ NDPC ni ẹ ó gbé ẹ̀sùn ìyẹn lọ bá.

Kí ẹ má ṣe rò pé bí wọ́n bá dákẹ́, ó ti tán. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni ètò kan ti wà tí Báǹkì Àpapọ̀ gbé kalẹ̀, GSI ni wọ́n ń pè é, tí ilé ìfowópamọ́ tí a jẹ lówó fi lè fa owó náà yọ nínú àkáǹtì tí onígbèsè ní sí ibòmíràn, BVN ni ó sì fi ń mọ̀ wọ́n. Ẹ ronú ọjọ́ tí owó ìfẹ̀yìntì yín bá wọlé ní àárọ̀, tí wọ́n sì fà á lọ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Nítorí èyí ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ béèrè àkọsílẹ̀ gbèsè yín ní ilé-iṣẹ́ mẹ́ta tí ó ń tọ́jú irú rẹ̀ ní Nàìjíríà: CRC, FirstCentral àti CreditRegistry. Òfin ọdún 2017 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀dà kan lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dún. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí gbogbo ẹ̀yáwó tí ó wà ní orúkọ yín, kì í ṣe èyí tí wọ́n pè yín lé lórí nìkan, ẹ lè kọ̀wé tako èyí tí kì í ṣe tiyín, ẹ sì fi áfídéfíìtì, ìwé ọlọ́pàá àti lẹ́tà báǹkì ti ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn. Bí ọ̀kan bá mọ́, ẹ má ṣe fi èkejì sílẹ̀, nítorí pé gbogbo ayánilówó kọ́ ni ó ń kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ kan náà.

Ní ti NIN tí ọ̀rẹ́ yín ní kí ẹ pààrọ̀: nọ́ńbà náà kò ṣeé pààrọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé tì. NIMC ní áàpù kan tí ó ń jẹ́ NINAuth. Kí ọmọ yín gbé e sórí fóònù yín, kì í ṣe sórí tirẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹ ti lè ti NIN yín pa kí ẹnikẹ́ni má lè lò ó láìjẹ́ pé ẹ̀yin ṣí i, ẹ ó sì rí àwọn tí ó ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ya àwòrán ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Bí ẹ bá ti lo WhatsApp lórí nọ́ńbà àtijọ́ náà rí, ẹ tún un forúkọ sílẹ̀ ní kété tí síìmù bá jí. Nọ́ńbà ẹlẹ́yọ 6 tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ni yóò lé ẹnikẹ́ni tí ó wà lórí rẹ̀ jáde. Bí olè ti fi PIN tirẹ̀ tì í, ọjọ́ 7 ni ẹ ó dúró kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ wọlé láìsí PIN náà. Ní ìgbà tí ẹ ń dúró, ẹ ní kí akọ̀wé ẹgbẹ́ yín kọ ọ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n má ṣe fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni ní orúkọ yín, ẹ ní kí ó sọ ọ́ pẹ̀lú ní ìpàdé, nítorí àwọn ìyá tí kì í ka nǹkan lórí fóònù. Ìtìjú tí ọmọ yín ń bẹ̀rù yẹn, ìkéde yìí ni ó ń pa á. Ẹni tí ó ti gbọ́ láti ẹnu yín pé wọ́n jí orúkọ yín lò kò ní ka ìpè àwọn ayánilówó sí.

Ohun díẹ̀ kù nípa bí kò ṣe ní tún ṣẹlẹ̀, n kò sì ní fa gbogbo ìwàásù tí wọ́n ti ń fi sí yín létí jáde, pé kí ẹ má ṣe fi PIN fún ènìyàn. Ẹ mọ ìyẹn. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé síìmù fúnra rẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́, PIN síìmù ni wọ́n ń pè é, ó sì yàtọ̀ sí èyí tí ẹ fi ń ṣí fóònù. Bí ẹ bá ti ṣe é, ẹnikẹ́ni tí ó bá yọ síìmù náà sínú fóònù mìíràn yóò kọ́kọ́ bá ìbéèrè PIN pàdé, *565*0# tí mo sọ níṣàájú kò sì ní ṣiṣẹ́ fún un. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, fóònù tèmi bọ́ nínú àpò agbádá mi sínú kẹ̀kẹ́ kan láàárín Sábó àti Mákùn níbí ní Ṣágámù, n kò sì mọ̀ títí mo fi délé. Ó dùn mí gan-an nítorí àwọn àwòrán ọmọ-ọmọ mi, ṣùgbọ́n n kò sáré lọ sí báǹkì pẹ̀lú ìbẹ̀rù, nítorí PIN síìmù yẹn. Ẹ ní kí wọ́n bá yín ṣe é ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ fóònù ní ọjọ́ tí ẹ bá lọ gba tiyín padà. Ẹ má ṣe dá a dán wò nílé láìmọ PIN tí ó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀: bí ẹ bá tẹ èyí tí kò tọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹta, yóò béèrè PUK, nọ́ńbà tí a fi ń ṣí síìmù tí ó ti tì, bí ẹ bá sì ṣi PUK tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, síìmù náà ti kú nìyẹn.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ fọ́tòkọ́pì. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn mo ra ẹ̀pà ní ẹ̀bá títì ní Ìlíṣàn, mo jẹ ẹ́ tán, mo tú bébà rẹ̀ láti nu ọwọ́, ni mo bá rí ojú obìnrin kan tí ó ń wò mí: ìwé NIN rẹ̀ ni, nọ́ńbà 11 ń hàn kedere lábẹ́ òróró, ọjọ́ ìbí rẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìdí ilé ìṣe-fọ́tòkọ́pì kan ni bébà yẹn ti wá, láàárín àwọn tí ó bàjẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ. Mo dáná sun ún. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ṣe ẹ̀dà ìwé ìdánimọ̀ mi, mo máa ń gba èyí tí ó bàjẹ́ pẹ̀lú, n ó sì fi bírò kọ ọ́ gbàgàdà gba àárín èyí tí mo bá fi sílẹ̀: ibi tí mo fún, ohun tí mo fún wọn fún, àti ọjọ́. Akọ̀wé kan lè bínú pé mo ba ìwé jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó bínú. Ẹ̀dà tí wọ́n ti kọ ‘fún ìforúkọsílẹ̀ ilé-ìwé ọmọ nìkan’ sí láàárín ṣòro láti gbé lọ yáwó.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn tí ń gba NIN kiri ilé pé ìjọba tàbí olóṣèlú kan fẹ́ pín owó ìrànwọ́, pàápàá bí wọ́n bá ní kí ẹ wo inú fóònù wọn kí wọ́n ya ojú yín. Ojú yẹn ni ó kù tí wọ́n nílò. Wọn a fún ènìyàn ní owó tí kò tó ra kóńgò gàrí Ìjẹ̀bú, wọn a sì fi ojú rẹ̀ ṣí àkáǹtì tí yóò máa bá a rojọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Mo mọ̀ pé gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún ẹnìkan, nítorí náà ẹ má ṣe gbìyànjú láti ṣe é tán ní ọjọ́ kan. Ìpè sí báǹkì, kóòtù, ọlọ́pàá àti síìmù ni kí ẹ ṣe ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ọmọ yín gbé yín lọ, kí ó sì mú omi àti àga ìjókòó kékeré dání, nítorí ìlà tí ó máa ń wà ní ọ́fíìsì àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù. Lẹ́tà báǹkì àti ti ayánilówó lè di ọjọ́ kejì, àkọsílẹ̀ gbèsè lè di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Bí àjèjì náà bá tún pè kí ẹ tó ṣe tán, ẹ má ṣe bá a jà, ẹ má sì ṣe fi ìdí NIN tàbí ọjọ́ ìbí yín múlẹ̀ fún un bí ó bá kà á fún yín. Ẹ béèrè íméèlì ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ẹ sọ fún un pé lẹ́tà ń bọ̀, kí ẹ sì gbé fóònù náà sílẹ̀.